Ẹ̀tù Tí Ó Mọ́: Ìbéèrè Lórí Ìmọ́tótó àti Ojú Tí Ń Dá A Lẹ́jọ́

Nígbà tí àwọn tí wọ́n ń fi ìbọn ìléwọ́ díje bá ń wá ẹ̀tù tí wọn yóò fi di ọta fúnra wọn, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu wọn, ìyẹn ni pé ẹ̀tù náà gbọ́dọ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kí ẹ̀tù náà jó tán pátápátá nígbà tí ìbọn bá dún, kí ó má fi èérí dúdú sílẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn, kí ó má sì fi èéfín bo ojú ẹni tí ó ń yìn ín. Létí ẹni tí ń kọjá lọ, ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni èyí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tú u palẹ̀ yóò bá ìbéèrè kan pàdé nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò àti àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn ti ń bá yí láti ayébáyé: ṣé ara nǹkan fúnra rẹ̀ ni ìmọ́tótó wà, àbí ìdájọ́ ni, tí ènìyàn ń ṣe lẹ́yìn tí nǹkan náà ti ṣiṣẹ́ tán? Ohun tí àròkọ yìí dúró lé lórí ni pé ìmọ́tótó ẹ̀tù kò sí nínú agolo tí wọ́n fi ń tà á, àti pé èérí tí ojú ń rí, tí ènìyàn sì ń náwó torí rẹ̀, kì í sábà jẹ́ èyí tí ó ń pa ni lára.

Kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí a mọ bí iṣẹ́ náà ti rí. Ọta ìbọn òde òní ní ẹ̀yà mẹ́rin. Èkíní ni èèpo rẹ̀, tí a fi idẹ ṣe, tí ó sì di gbogbo ìyókù mú. Èkejì ni práímà, ife kékeré kan ní ìdí èèpo tí ó máa ń tanná nígbà tí òòlù ìbọn bá gbá a. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tù tí iná yẹn yóò ràn. Ẹ̀kẹrin sì ni orí ọta, ìyẹn òjé tí yóò fò jáde lọ bá àmì. Nígbà tí ìbọn bá dún, mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí ti lọ, ṣùgbọ́n èèpo idẹ ṣì wà, a sì lè tún un ṣe, kí a fi práímà, ẹ̀tù àti orí ọta tuntun sí i lọ́pọ̀ ìgbà. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn láyè láti ṣe iṣẹ́ yìí nínú ilé wọn, ó ti di àṣà àtọjọ́mọ́jọ́ láàárín àwọn tí wọ́n ń yìnbọn sí àmì, pàápàá àwọn tí wọ́n ń lọ sí ìdíje àpapọ̀ ní Camp Perry, ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 1907. Nínú ìdíje tí wọ́n ń pè ní 2700, ẹni kọ̀ọ̀kan yóò yìnbọn ní ìgbà 270, ọwọ́ kan ṣoṣo ni yóò fi dì í mú, àmì rẹ̀ yóò sì wà ní yáàdì 25 tàbí 50. Ìbọn kékeré .22, tí a kò lè tún ọta rẹ̀ dì, ni wọ́n fi ń yin 90 nínú wọn; 180 tí ó kù ni ẹni tí ó bá fẹ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì, kí ó lè dín owó kù, kí ọta kan má sì yàtọ̀ sí èkejì rẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ti ọdún 1959 kò fàyè gba irú iṣẹ́ inú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí náà òǹkàwé tí ó wà nílé lè gba ọ̀rọ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ìrònú lásán, kò sì ní pàdánù ohunkóhun nínú rẹ̀.

Ẹ̀tù tí àwọn baba ńlá Yorùbá mọ̀, tí àwọn ọdẹ ṣì ń rọ sínú ìbọn ṣakabùlà dòní, ni ẹ̀tù dúdú, èyí tí a fi iyọ̀ kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pọ̀táṣíọ́mù nítréètì, èédú àti imí-ọjọ́ pò pọ̀. Bí a bá pín in sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, iyọ̀ náà kó nǹkan bí 75, èédú kó 15, imí-ọjọ́ sì kó 10. Àbùkù rẹ̀ kò fara sin, nítorí pé ohun tí ó lé ní ìdajì ìwúwo rẹ̀ ni kì í di afẹ́fẹ́ nígbà tí ó bá jó. Apá kan ń jáde bí èéfín funfun tí ó ki, apá kejì sì ń lẹ̀ mọ́ inú ìbọn. Ní àkókò ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì-Parapọ̀, tí inú ìró ìbọn ni orúkọ rẹ̀ sì ti wá, èéfín irú ẹ̀tù yìí ni ó ń bo ojú ogun mọ́lẹ̀. Ogun náà kò tíì parí nígbà tí Paul Vieille, ará Faransé, fi òwú tí a ti fi ásíìdì sọ di nítrọ̀sẹ́lúlọ́òsì ṣe ẹ̀tù aláìléèéfín fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1884. Ní ọdún 1887, Alfred Nobel, ará Swídìn, gbé tirẹ̀ jáde, ó po nítrọ̀gílísárínì mọ́ nítrọ̀sẹ́lúlọ́òsì. Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀tù òde òní ti pín sí ìdílé méjì pàtàkì: onípìlẹ̀ kan, tí kò ní nítrọ̀gílísárínì nínú, àti onípìlẹ̀ méjì, tí ó ní in. Ó yẹ kí a fi ọkàn sí i pé ọ̀kan nínú ohun tí àwọn olórí ogun kọ́kọ́ torí rẹ̀ yin ẹ̀tù tuntun yìí ni pé ọ̀tá kò ní tètè mọ ibi tí ìbọn ti dún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ohun tí à ń pè ní mímọ́ nínú ẹ̀tù ti ń ṣe iṣẹ́ ìbòjú.

Ẹ̀tù aláìléèéfín kì í jó bákan náà níbi gbogbo. Ìfúnpá, ìyẹn agbára tí afẹ́fẹ́ gbígbóná fi ń ti ara èèpo àti ìdí orí ọta, ni ó ń pàṣẹ fún un: bí ìfúnpá bá ṣe ń ga sí i ni ẹ̀tù ń yára jó sí i, bí ó bá sì lọ sílẹ̀ jù, iná náà yóò máa rìn gbẹ̀rẹ̀, orí ọta yóò ti jáde lọ nígbà tí àwọn hóró ẹ̀tù kan kò tíì jó tán, àwọn hóró wọ̀nyí ni yóò sì fọ́n ká sínú ìbọn. Ohun mìíràn tún ń ṣẹlẹ̀. Idẹ tí a fi ṣe èèpo gbọ́dọ̀ wú díẹ̀ nígbà tí ìbọn bá dún, kí ó lè lẹ̀ mọ́ ògiri ihò tí a ń ti ọta bọ̀, kí ó sì dí ọ̀nà mọ́ afẹ́fẹ́; bí ìfúnpá kò bá tó láti mú un wú, afẹ́fẹ́ yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn, yóò sì kun ara èèpo náà ní dúdú láti ẹnu wá. Ẹni tí ó bá mú èèpo bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yóò ní ẹ̀tù yìí dọ̀tí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀sùn kan ṣoṣo tí a lè fi kan ẹ̀tù náà ni pé wọ́n lò ó níbi tí ìwọ̀n rẹ̀ kò dé.

Níbi yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ń yìnbọn sí àmì ti díjú. Bébà kò nílò agbára púpọ̀ kí ọta tó lu ú, ìbọn tí ó bá sì ń ta padà ju bó ti yẹ lọ máa ń da ọwọ́ rú, nítorí náà ọta tí ó rọ̀, tí ẹ̀tù inú rẹ̀ mọ níwọ̀n, ni wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n fẹ́ ọta tí ó rọ̀, wọ́n sì tún fẹ́ èèpo tí ó dán, bẹ́ẹ̀ ni rírọ̀ ọta gan-an ni ó ń bí dúdú tí wọ́n kórìíra. Aristotle, onímọ̀ ará Gíríìkì, nígbà tí ó ń ṣàlàyé pé ìwà rere wà ní àárín àpọ̀jù àti àìtó, kìlọ̀ pé àárín tí òun ń wí kì í ṣe àárín ti oníṣirò, nítorí pé oúnjẹ tí ó kéré jù fún Milo, akọni oníjàkadì, yóò pọ̀ jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìjàkadì. Ọ̀rọ̀ náà bá ẹ̀tù mu láìkù síbì kan. Ìwọ̀n kan náà tí yóò jó mọ́ tónítóní nínú èèpo kékeré tí orí ọta rẹ̀ wúwo yóò fi hóró sílẹ̀ nínú èèpo gbọ̀ọ̀rọ̀ tí orí ọta rẹ̀ fúyẹ́. Èyí kò wá túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni máa bu ẹ̀tù kún un títí èèpo yóò fi dán. Àwọn tí wọ́n ṣe ẹ̀tù ń tẹ ìwé jáde tí ó sọ ibi tí ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá fún oríṣi ọta kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá sì kọjá ibẹ̀ torí pé ó fẹ́ èèpo tí ó dán ń fi ojú àti ìka ọwọ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

John Locke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ya àwọn àbùdá tí ó wà lára nǹkan fúnra rẹ̀, bí ìrísí àti títóbi, sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ó jẹ́ agbára tí nǹkan ní láti ṣe nǹkan sí ojú tàbí ahọ́n ènìyàn, bí àwọ̀ àti adùn. Bí a bá gbé ẹ̀tù lé orí ìyàtọ̀ yìí, pé hóró rẹ̀ rí pẹlẹbẹ tàbí rí roboto bọ́ sí abẹ́ èkíní, pé ó ní àwọ̀ eérú bọ́ sí abẹ́ èkejì, ṣùgbọ́n ìmọ́tótó rẹ̀ kò bọ́ sí abẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ pé ẹ̀tù kan mọ́, ìbọn gbọ́dọ̀ jẹ́rìí, èèpo gbọ́dọ̀ jẹ́rìí, orí ọta àti bí wọ́n ṣe fún ẹnu èèpo mọ́ ọn gbọ́dọ̀ jẹ́rìí, ìwọ̀n tí a bù sí i náà gbọ́dọ̀ jẹ́rìí. Ìbáṣepọ̀ ni ìmọ́tótó ẹ̀tù jẹ́, nígbà tí a bá sì yọ ọ̀kan kúrò nínú àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyí, ohun tí ó kù nínú gbólóhùn náà kò ju ìpolówó ọjà lọ. Ìdí nìyí tí ènìyàn méjì, tí wọ́n jẹ́ olóòótọ́ méjèèjì, fi lè ra agolo ẹ̀tù kan náà, kí ọ̀kan yìn ín, kí èkejì bú u, kí kò sì sí òpùrọ́ nínú wọn.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀bi ẹlòmíràn pọ̀ tí wọ́n ń dì lé ẹ̀tù lórí. Orí ọta òjé tí kò ní aṣọ bàbà lára ni ọ̀pọ̀ ń lò fún àmì, wọ́n sì máa ń fi ìda tàbí ọ̀rá kan kùn ún kí òjé má baà lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn. Ìda yìí ni iná ẹ̀tù ń jó, òun ni ó sì ń mú púpọ̀ wá nínú èéfín tí ń bo ojú ẹni tí ó ń yìnbọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti pààrọ̀ ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tí ó jẹ́ pé ìda ni ó yẹ kí wọ́n bá wí.

Ìtàn kan wà tí ó fi àṣìṣe ojú hàn ju èyí lọ. Nígbà tí ẹ̀tù aláìléèéfín gba ayé kan, àwọn ènìyàn retí pé ìbọn yóò bọ́ lọ́wọ́ ìpẹtà tí ẹ̀tù dúdú ń fà, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ọ̀pá ìbọn tí wọ́n ti nù títí tí ó fi ń dán a máa dípẹtà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀tù tuntun ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ fura sí. Nígbẹ̀yìn, ó hàn pé inú práímà ni ohun tí ó ń ṣe é wà: èròjà kan tí wọ́n ń pè ní pọ̀táṣíọ́mù kílórẹ́ètì, tí ó jẹ́ pé nígbà tí ó bá jó tán, iyọ̀ ni ó ń fi sílẹ̀, iyọ̀ náà kò sì jọ èérí lójú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ń fa ìrì inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì ń jẹ irin. Epo tí wọ́n fi ń nu ìbọn kò lè tú iyọ̀. Omi ni ó lè tú u. Ilé iṣẹ́ Remington ní Amẹ́ríkà gbé ọta tí kò ní èròjà yìí nínú jáde ní ọdún 1926, ó sì pè é ní Kleanbore, orúkọ tí ó ń kéde pé inú ọ̀pá ìbọn yóò mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn práímà tí wọ́n fi rọ́pò ti kílórẹ́ètì wá ní àpòpọ̀ òjé kan nínú, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ práímà títí di òní. Wọ́n gba irin sílẹ̀, wọ́n sì gbé ewu náà kúrò lára ìbọn lọ sára ẹni tí ó ń yìn ín.

Àwọn ẹ̀sìn tí Yorùbá mọ̀ ti ṣe àlàyé lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èérí tí à ń rí àti èyí tí a kò rí, wọ́n sì ṣe é ní ìjìnlẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Nínú òfin Ìsìláàmù, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀gbin tí ó lẹ̀ mọ́ ara tàbí aṣọ, èyí tí a lè fi omi fọ̀ títí yóò fi lọ, ọ̀tọ̀ sì ni ipò àìmọ́ tí kò ní àwọ̀ tàbí òórùn, bí irú èyí tí oorun àsùnwọra ń kó bá ẹni tí ó ti ṣe àlùwàlá. Ẹni náà jí, ara rẹ̀ mọ́ bí ó ti mọ́ kí ó tó sùn, síbẹ̀ kò lè kírun títí yóò fi tún àlùwàlá ṣe. Bí kò bá sì rí omi, erùpẹ̀ tí ó mọ́ ni yóò fi ọwọ́ kàn fún tàyámọ́mù. Erùpẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń gbá jáde nílé ni ó wá di ohun ìwẹ̀nù. Mary Douglas, onímọ̀ nípa àwùjọ ọmọ ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1966 lórí mímọ́ àti ewu, jiyàn pé èérí kò ju ohun tí kò sí ní àyè rẹ̀ lọ. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, tàyámọ́mù sì fẹ́ẹ̀ ti í lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tó fún ohun tí à ń sọ níhìn-ín, nítorí pé àwọn èérí kan wà tí kò bìkítà bóyá àwùjọ kan kà wọ́n sí èérí tàbí kò kà wọ́n sí. Òjé wà lára irú wọn.

Nígbà tí ìbọn bá dún, òjé inú práímà yóò di eruku tí ó kúnná ju ìyẹ̀fun lọ, ìdí orí ọta náà yóò sì yọ́ díẹ̀ nínú iná; ẹni tí ó wà nínú gbọ̀ngàn ìyìnbọn tí afẹ́fẹ́ kò ti rìn dáadáa yóò fà á símú, èyí tí ó bá bà sí ọwọ́ rẹ̀ yóò sì bá oúnjẹ wọ ẹnu. Òjé a máa ba ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín jẹ́, àwọn ọmọdé ni ó sì ń ṣe léṣe jù. Àwọn ará Nàìjíríà kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ èyí fún wọn, nítorí pé ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ní ọdún 2010, ó kéré tán 400 ọmọdé ni eruku òjé pa, nígbà tí àwọn òbí ń lọ òkúta wúrà nínú agbo ilé. Eruku yẹn kò dúdú, kò sì rùn. Bákan náà ni ti ìbọn: èérí dúdú tí ń mú kí ènìyàn pariwo pé ẹ̀tù dọ̀tí, èédú ni púpọ̀ nínú rẹ̀, tí aṣọ tútù lè nù kúrò, nígbà tí òjé tí ó wà láàárín rẹ̀ kò fi ara rẹ̀ hàn ojú rárá.

Èyí tí ó yani lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fọ èèpo. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń di ọta ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń da èèpo tí wọ́n ti yìn sí, pẹ̀lú kùkù àgbàdo tí wọ́n lọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ̀rọ náà yóò sì máa mì wọ́n fún wákàtí mélòó kan títí idẹ yóò fi máa tàn bí wúrà. Púpọ̀ nínú òjé tí ó ti wà lára èèpo ni ó ti bọ́ sínú kùkù àgbàdo yẹn, nígbà tí wọ́n bá sì ń yọ èèpo tí ó ń dán jáde, eruku tí ń bù sókè sí wọn lójú léwu ju gbogbo dúdú tí wọ́n ń sá fún lọ. Ìwẹ̀nùmọ́ gan-an ni ó dọ̀tí jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Àwọn Kristẹni tí wọ́n bá ka orí kẹtàlélógún nínú Ìhìn Rere Mátíù yóò rántí pé àwọn tí wọ́n ń fọ ẹ̀yìn ife, tí inú rẹ̀ sì kún fún àìmọ́, ni Jésù bá wí jù níbẹ̀, ó sì fi wọ́n wé ibojì tí a kùn lẹ́fun. Àwọn tí ó ń bá wí kò kórìíra ìmọ́tótó. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, àmọ́ ibi tí ojú ayé lè dé ni wọ́n pa ààlà rẹ̀ sí.

Ìbéèrè tí ó kù ni bí ènìyàn yóò ṣe yan ẹ̀tù nígbà náà, èyí sì gba pé kí ó mọ ohun tí ó ń wá. Àwọn onímọ̀ Stoic, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onírònú kan ní ilẹ̀ Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́, fẹ́ràn láti máa fi tafàtafà ṣe àpẹẹrẹ, Cicero sì gbé ọ̀rọ̀ wọn kalẹ̀ nínú ìwé kan tí ó kọ ní ọdún 45 ṣáájú ìbí Jésù. Wọ́n ní iṣẹ́ tafàtafà ni pé kí ó ṣe gbogbo ohun tí ó wà ní agbára rẹ̀ láti ta ọfà náà dáadáa. Pé ọfà kan àmì jẹ́ ohun tí ó yẹ kí ó fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ pátápátá. Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ ẹni tí ń di ọta ni ìwọ̀n tí kò yẹ̀, ojú tí kò fo èèpo kan, àti ọkàn tí kò sáré. Ẹ̀tù tí ó bá ran nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ ni ẹ̀tù rere, bí ó bá tilẹ̀ kun èèpo ní dúdú. Ẹ̀tù tí ń jẹ́ Bullseye, tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1898, ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ dárúkọ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ẹ̀tù tí ó dọ̀tí, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn adíje ti ń fi í lu àárín àmì, wọn kò sì tíì jù ú nù. N320, tí ilé iṣẹ́ Vihtavuori ní Finland ń ṣe, ni ọ̀pọ̀ ń yìn fún ìmọ́tótó, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ ni ó ń ga ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sí èyí tí ó burú nínú méjèèjì.

Ewu kan wà tí kò bá ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lọ rárá, tí ó sì yẹ kí ó borí rẹ̀ nígbà yíyàn. Ẹ̀tù tí ń yára jó, irú èyí tí ó bá ọta rírọ̀ mu jù, kì í gba àyè púpọ̀ nínú èèpo. Gíréènì ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù, 7000 rẹ̀ ni ó wà nínú pọ́n-ùn kan, díẹ̀ ṣín-ún nínú rẹ̀ sì ni ọta àmì ń gbà. Èèpo ọta tí wọ́n ń pè ní .38 Special gùn, nítorí pé ní ayé ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ti ṣe é, nítorí náà ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá lọ síbòmíràn lè bu ẹ̀tù sí i lẹ́ẹ̀mejì, kí ìwọ̀n méjèèjì sì wọlé láìkún dé ẹnu, kí orí ọta bò wọ́n mọ́lẹ̀. Irú ọta bẹ́ẹ̀ lè fọ́ ìbọn sí ni lọ́wọ́. Ẹ̀tù tí hóró rẹ̀ gbòòrò, tí ìwọ̀n kan ṣoṣo rẹ̀ ti kún èèpo kọjá ìdajì, yóò tú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ fó lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ìwọ̀n kejì yóò ya dà sílẹ̀. Irú ẹ̀tù yìí kò jẹ́ kí àṣìṣe sá pamọ́, ànfààní náà sì ga ju ìmọ́tótó lọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀ pé ènìyàn ni òun.

Àwọn kan lè béèrè bóyá ó tọ́ láti máa lo ọ̀rọ̀ bí ìmọ́tótó fún ohun tí a dá sílẹ̀ fún ogun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bébà ni wọ́n ń yìn ín sí lónìí. Nobel fúnra rẹ̀, tí ẹ̀tù rẹ̀ lọ sí ojú ogun, ni ó fi ìwé ìhágún rẹ̀ dá ẹ̀bùn àlàáfíà sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ènìyàn ní ẹ̀bùn náà ní ọdún 1901, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ̀tù kò mọ bébà yàtọ̀ sí ẹran ara. Àwọn onísìn Ògún kò bá ọ̀rọ̀ yìí fa gùn-ún-gùn-ún, nítorí pé irin ni wọ́n fi ń búra ní ilé ẹjọ́ Nàìjíríà, ohun tí wọ́n sì gbà ni pé Ògún ń wo ọwọ́ tí ó di irin mú, yálà irin náà ń dán tàbí ó ti dípẹtà. Ẹni tí ó ń yìnbọn sí àmì lè jẹ́ ènìyàn àlàáfíà ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí sí èyí, ẹ̀tù rẹ̀ kò lè bá a jẹ́ ẹ.

Nítorí náà, kí ẹni tí òfin ilẹ̀ rẹ̀ bá gbà láyè láti di ọta kọ́kọ́ wá ẹ̀tù tí ìwé àwọn tí wọ́n ṣe é dárúkọ fún oríṣi ọta rẹ̀, tí yóò sì kún èèpo tó bí ojú yóò ṣe rí àṣìṣe. Lẹ́yìn náà, kí ó wo èyí tí ń lọ tààrà sí àmì nínú ìbọn tirẹ̀. Bí méjì bá sì dọ́gba lẹ́yìn gbogbo èyí, ìgbà náà ni kí ó mú èyí tí ó mọ́ jù nínú wọn. Kí ó má jẹun nídìí iṣẹ́ náà, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ àti ojú rẹ̀ kí ó tó kúrò níbẹ̀, kí ó sì bọ́ aṣọ tí ó fi ṣe é kí ó tó gbé ọmọ mọ́ra.